Fáìlì Tó Délé Ṣáájú Mi

Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mo lè ka ohun tó bẹ̀ mí lórí ìka ọwọ́ kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti ọsibítù ńlá tí wọ́n ti gé ẹran bíńtín lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí ọkọ̀ wa ń gun òkè Ọ̀kà lọ, ó fi ọwọ́ kan orúnkún mi. Ó ní, "Tíṣà, èsì tó ń bọ̀ yìí, ohun yòówù kó jẹ́, ẹnu rẹ ni kí n ti gbọ́ ọ. Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ nínú ìkíni àwọn èèyàn."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Bàbá rẹ̀ ṣàìsàn títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó ń ṣe é fún un. Gbogbo àdúgbò mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Ohun tó rí ni pé àwọn tí wọ́n ti ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí i. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń jà sí ààlà oko ru iṣu wá fún un. Ọkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́, ó sì pa á mọ́. Ó ní lọ́jọ́ kan bàbá yẹn wo òun lójú, ó bi òun pé, "Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń bá mi jà mọ́?"

Ní tiwa, ìjà kò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni aládùúgbò wa, ilé kan náà ni wọ́n pín sí méjì. Ẹ̀gbọ́n yìí ní abo ewúrẹ́ kan tó máa ń jẹ ẹ̀fọ́ tí ọkọ mi gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná. Bí ewúrẹ́ bá ti wọ inú ẹ̀fọ́, ọkọ mi á bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, á sọ ọ́ mọ́ ọn, á pariwo pé kí Ẹ̀gbọ́n wá so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á jókòó sọ́hùn-ún, á ní, "Ewúrẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. N kò ní fi okùn sí i lọ́rùn láéláé." Ojoojúmọ́ ni. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìkàrẹ́ láti ọjọ́ Ajé, tí mo sì ń wá sí Ọ̀kà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìjà ewúrẹ́ yìí ló máa ń sọ fún mi pé mo ti délé.

Dókítà ní ká má ṣe wàhálà wá gba èsì, òun á fi ránṣẹ́ sí mi lórí ìmeèlì. Ìmeèlì mi, ìgbà tí ìjọba ń ka àwọn tíṣà ni wọ́n bá mi ṣí i. N kò fi ṣe nǹkan gidi kan rí ju kí n máa pa ìpolówó rẹ́ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo wà ní kíláàsì, àwọn ọmọ ń ka ìlọ́po mẹ́fà, fóònù mi dún. Dókítà ni. Ìlà kan péré ló kọ: kí n wo ohun tí òun so mọ́ ọn, kí èmi àti ọkọ mi sì wá rí òun. Mo tẹ ohun tó so mọ́ ọn. Fóònù ní òun kò ní ohun tí òun lè fi ṣí i. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ní ìparí orúkọ fáìlì náà, lẹ́tà mẹ́ta kan wà níbẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdánudúró: e, m, l. Mo mọ ti fọ́tò, mo mọ ti PDF tí wọ́n fi ń kó sílébọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí wa. Eléyìí, mi ò bá a pàdé rí.

Mo pe dókítà, kò gbé e. Mo tún un pè, wọ́n ní kí n gbìyànjú nígbà míì. Inú bí mi. Wọ́n á ti jẹ́ kéèyàn máa retí ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ gbáko, ọ̀rọ̀ á wá dé tán, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìbínú yẹn, n kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ara mi kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí pẹ́ jù. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí agogo fi lù, mo máàkì ìwé wọn, n kò sì rántí ìwé ọmọ kankan nínú wọn.

Nígbà tí a jáde, mo gba ọ̀dọ̀ Díákónì lọ. Díákónì ìjọ wa ní Ìkàrẹ́ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí gáréèjì, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló fẹ́ ọmọ Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nítorí náà àna ni wá. Kò sí ohun tí wọ́n gbé wá fún un rí tó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó sì ní àṣà kan. Ohunkóhun téèyàn bá gbé wá, kó tó kà á, kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, á ti kọ́kọ́ fi pamọ́ sórí fláàṣì oníbàárà, torí iná lè lọ nígbàkigbà. Á ní, "Fi pamọ́ ná, kà á tó bá yá." Ó kọ ọ́ sí ara ògiri.

Mo fún un ní fláàṣì mi, mo ṣí ìmeèlì mi fún un lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní òdìkejì tábìlì. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni mo ń wò, àti iwájú orí Díákónì. Ó kọ́kọ́ fi ohun tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi kí n rí i: lẹ́tà àti nọ́ńbà ló kún ibẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n há mọ́ra wọn, wọn kò ní ìtumọ̀ kankan. Ó ní, "Tíṣà, ṣé kì í ṣe pé ọmọ dókítà yín ló ń fi ọwọ́ gbá kíbọ́ọ̀dù báyìí?" Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu mi kò gbà. Ó yí i padà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀, ọ̀nà míì ṣì wà.

Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọ orin ìjọ. Nígbà tó yá, orin yẹn dúró. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un fi sójú. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ nǹkan kan, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ń tàn sí iwájú orí rẹ̀ sì lọ.

Ó ní, "Kò ṣí, Tíṣà."

Mo ní, "Báwo ni kò ṣe ṣí? Ṣebí iṣẹ́ yín nìyí?"

"Ẹ má bínú. Irú èyí ṣòro. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé." Ó yọ fláàṣì, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wá bi mí pé, "Ọ̀gá ilé ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa?"

Díákónì tó ń gba owó lórí pínnì tí wọ́n fi ń gán ìwé, kò gbowó lọ́wọ́ mi. Ó fún mi ní omi tútù. Ó sìn mí dé etí títì, ó dá mọ́tò Ọ̀kà dúró, ó ní kí dírẹ́bà rọra wakọ̀ o. Mo jókòó níwájú, inú ń bí mi sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí ti ń darúgbó, iṣẹ́ ti ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọkọ̀ dé Àkùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì kún fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, nítorí yunifásítì. Mo ní bí Ìkàrẹ́ kò bá rí i ṣí, Àkùngbá á ṣí i. N kò lè délé lọ bá ọkọ mi kí n sọ fún un pé kó dúró di ọjọ́ Ajé. Mo ní kí dírẹ́bà já mi sílẹ̀.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ni mo bá nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀. Kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ó fi fláàṣì sí kọ̀ǹpútà, ó wo orúkọ fáìlì náà, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Mà, ìmeèlì lòun náà. Odindi ìmeèlì tí wọ́n ká sínú ìmeèlì míì ni. Ó jọ pé ibi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ló kọ ọ́ sí dókítà, dókítà wá gbé e bó ṣe wà, ó jù ú sí yín. Fóònù yín kò lè ṣí i. Ohun tí wọ́n fi ń ka ìmeèlì lórí kọ̀ǹpútà ló ń ṣí i."

Mo ní, "Bí ẹ̀kọ tí wọ́n tún fi ewé míì wé."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni." Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n mà, ẹnì kan ti bá yín ṣí i. Ẹ wò ó. Ìwé tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ síta tí wọ́n fi sórí fláàṣì yín yìí. Ọ̀sán òní ni, kò tíì pẹ́. Ṣé kí n kàn tẹ̀ ẹ́ jáde?"

Fi pamọ́ ná, kà á tó bá yá. Díákónì ti fi pamọ́, ó ti kà á, ó ti pa á dé, ó wo ojú mi, ó ní kò ṣí. Mo ní kí obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó na ìwé náà sí mi ní ìdojúbolẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mo mọ̀ nígbà yẹn pé òun náà ti kà á.

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n tíṣà ni mí. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti dé eegun. Ìlà dúdú kan gba àárín ìwé náà kọjá látòkè délẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ nílò àtúnṣe, ìyẹn ni mo sì ń wò. Omijé kò wá. Mo bi obìnrin náà bóyá ọmọ rẹ̀ ti ń hu eyín. Ó ní ó ti hu méjì. Mo ní ó káre.

Ìta ni inú ti wá bí mi gidi. Ta ló ní kí Díákónì mọ ọ̀rọ̀ ilé mi ṣáájú mi? Ta ló bẹ̀ ẹ́ kó ṣàánú mi? Títí dòní n kò bi í léèrè, òun náà kò sọ, a sì jọ ń kọrin nínú ìjọ kan náà. Mo kúkú mọ ìdí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ìròyìn burúkú kì í lọ bá ẹni tó ni ín ní tààrà. Àgbà ilé ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún, àgbà ilé á pe ẹni méjì mọ́ra, wọ́n á wá jókòó ti ẹni náà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ iṣu, títí yóò fi yé e fúnra rẹ̀. Ibi tí mo ro ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn tí àyà mi fi já. Ta ni àgbà ilé wa? Ẹ̀gbọ́n ni. Ta ni àna Ẹ̀gbọ́n? Díákónì ni.

Mo lè pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo tilẹ̀ mú fóònù jáde. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ lèèyàn ń sọ láàárín "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" àti "ẹ̀rọ yìí kò dáa." Mo gun ọ̀kadà. Mo ní kó sáré. Ọlọ́kadà ní kò sí màmá kan tó ní kí òun sáré lórí òkè yìí rí. Mo ní, "Sáré, jàre." A gba kọ́nà kan, a tún gba òmíràn, àpáta wà lápá kan, ilé àwọn èèyàn wà nísàlẹ̀ lápá kejì, èmi kàn ń sọ gbólóhùn tí màá sọ fún un lábẹ́ ahọ́n mi.

A yà sí ojúlé wa. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ewúrẹ́. Wọ́n ti so ó mọ́ ìdí igi ọsàn. Okùn tuntun ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, kò sì yé òun náà.

Ọlọ́kadà yí padà lọ, mo dúró síbẹ̀. Mo ti pẹ́ jù. Ohun tí ọkùnrin yìí bẹ̀ mí, n kò lè ṣe é fún un mọ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo ní kó máa lọ, ó lọ.

Wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó, àwọn àgbà méjì láti inú ẹbí jókòó tì í, ọkọ mi wà láàárín wọn lórí àga rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọjọ́ Ẹtì míì, Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ará Ìkàrẹ́ ti dé o, ẹ tọ́jú ìkòkò ọbẹ̀ yín." Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà, ìyàwó wa. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú wàhálà." Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní òjò ọdún yìí kò tètè rọ̀. Èkejì ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣu kò ní tóbi.

Ọkọ mi ń wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ó ṣí?" Àárọ̀ ni mo ti pè é pé èsì ti dé ṣùgbọ́n kò ṣí lórí fóònù.

Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló gbé ojú sókè, ó rọra mi orí fún mi, ó ní, "Jẹ́ kí ìyàwó wa mu omi ná."

Mo ní, "Ó ṣí, Dádì."

Mo dìde lórí eékún, mo lọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Mo tẹ́ ìwé náà sí itan rẹ̀. Mo ní, "Jẹjẹrẹ ni. Ó ti wọ eegun. Dókítà ní ká wá rí òun. Oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀. Kò dà bíi pé ó lè mú un lọ tán." Bí mo ṣe ń ka ìlọ́po mẹ́fà ni mo ṣe sọ ọ́. N kò gbọ́ ohùn ara mi.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn? Níwájú àwọn àgbà?" Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á.

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Òun ló ni ara rẹ̀. Òun ló ní kí n sọ ọ́."

Ọkọ mi gbé ìwé náà, ó wò ó bíi pé ó fẹ́ ka Òyìnbó inú rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò. Ó ní, "Má wulẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti so ewúrẹ́ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo ní n kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu okùn. Ẹnu rẹ ni mo ń dúró dè." Ó fi ọwọ́ kan orúnkún mi bó ṣe ṣe é nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tú ewúrẹ́ yẹn sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó lọ sí ìdí igi ọsàn. Kò mọ okùn so, kò sì mọ̀ ọ́n tú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ewúrẹ́ náà lọ́rùn pẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn àgbà méjèèjì kò mọ ibi tí wọ́n máa wò. Níkẹyìn okùn náà tú.

Ewúrẹ́ na ara. Ó gbọn etí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá, ó wọ inú ẹ̀fọ́ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ọkọ mi bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó sọ ọ́. Kò dé ibẹ̀, agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ní, "Ẹ wá so ewúrẹ́ yín o."

Ẹ̀gbọ́n dúró lábẹ́ igi ọsàn, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ tutù fún omijé. Ó ní, "Ewúrẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n."

Mo dìde, mo lọ bá ọkọ mi mú sálúbàtà rẹ̀ wá.